Ìbéèrè Àwọn Olùkọ́: Òjìji Tí Kò Bá Ìwé Mu

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní gbogbo ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kabba dé Ẹ̀gbẹ́, òkun o. Lẹ́tà tó wọlé lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lóṣù yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí ìwé iṣẹ́, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní wọ́kíṣíìtì, tí wọ́n ń fà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tí wọ́n ń dà kọ láti inú ìwé tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo gé àwọn kan kúrú, mi ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni tàbí ilé ẹ̀kọ́ kankan, nítorí pé ìwé iṣẹ́ ni a fẹ́ tún ṣe, a kò fẹ́ dójú ti ẹni tó lò ó.

Bàbá Olùkọ́, mo kí yín o. Kíláàsì karùn-ún ni mo ń kọ́ ní ìletò kan lẹ́bàá Kabba. Nínú oṣù Keje, mo fún àwọn ọmọ ní ìwé iṣẹ́ kan lórí òjìji. A ri ọ̀pá tó ga ní mítà kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń wọn òjìji rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìwé ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ mi sọ pé ní aago 12 géérégé ni òjìji máa ń kúrú jù, àti pé ìhà àríwá ló máa ń kọjú sí. Àwọn ọmọ mi kọ ọ́ pé aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 40 ló kúrú jù, pé ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 26, àti pé gúúsù ló kọjú sí. Mo fún wọn ní òdo, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, torí ojú mi ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ṣé mo ṣe dáadáa? (Olùkọ́ kan, ẹ̀bá Kabba)

Ẹ dá máàkì àwọn ọmọ náà padà fún wọn, olùkọ́. Wọ́n gbà á. Ìwé ìdáhùn yín ni òdo tọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aago. Wákàtí 24 ni ayé fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ń yí dìgírì 15 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tàbí dìgírì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò, ìlà tó wà ní dìgírì 15 sí ìlà oòrùn Greenwich, ibi kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú ìlà bẹ́ẹ̀, ni a gbé e kà, ìlà yẹn kò sì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Nàìjíríà rárá: ẹ̀bá N'Djamena, olú ìlú Chad, ló gbà kọjá. Nígbà tí oòrùn bá dé àárín ọ̀run lọ́hùn-ún, tí aago wa sì lù méjìlá, oòrùn tiwa ní Kabba ṣì ń gòkè bọ̀, nítorí pé nǹkan bí dìgírì 6 péré ni Kabba fi wà sí ìlà oòrùn Greenwich. Ẹ yọ 6 kúrò nínú 15, yóò ku 9. Ẹ fi mẹ́rin sọ 9 di púpọ̀, yóò jẹ́ 36. Ìṣẹ́jú 36 yẹn ni oòrùn wa fi ń pẹ́ dé àárín ọ̀run ju bí aago ṣe wí lọ. Ìṣirò yìí kò ju agbára ọmọ kíláàsì karùn-ún lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe é.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn ká kì í ṣe òbírí tó pé pérépéré, ayé fúnra rẹ̀ sì tún dagun díẹ̀, nítorí náà oòrùn a máa yá lásìkò kan, a sì máa pẹ́ lásìkò mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, nǹkan bí aago 12 kọjá ogún ìṣẹ́jú ni òjìji máa ń kúrú jù ní Kabba. Ní àárín oṣù Kejì, ó máa ń di nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú oṣù Keje tí ẹ ṣe iṣẹ́ tiyín, nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 41 ni. Ẹni tó ń wọn òjìji ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá kò lè sún mọ́ òótọ́ ju bí àwọn ọmọ yín ṣe sún mọ́ ọn lọ.

Ọ̀rọ̀ ìhà tí òjìji kọjú sí ló dùn mọ́ mi jù. Ilẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán kì í dé àtàrí ènìyàn láéláé ni ẹni tó kọ ìwé yẹn ń rò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọ̀sán bá pọ́n, ìhà gúúsù ni oòrùn máa ń wà lọ́dún yípo, àríwá sì ni òjìji ń ṣubú sí, kò sí ìgbà tí ó yí padà. Ìwọ̀n dìgírì 7 àti díẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8, ni àwa wà sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn sì máa ń gba orí wa kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, yóò wà lókè àtàrí wa gan-an lọ́sàn-án, yóò sì tẹ̀síwájú sí ìhà àríwá; ní nǹkan bí ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, yóò tún gba orí wa padà lọ sí gúúsù. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, gúúsù ni òjìji ọ̀sán ń ṣubú sí ní Kabba. Ní ìparí oṣù Kẹfà, òjìji ọ̀pá mítà kan máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 28 sí gúúsù. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní ìparí oṣù Kejìlá, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 61 ni, àríwá ni yóò sì kọjú sí. Sẹ̀ǹtímítà 26 tí àwọn ọmọ yín rí nínú oṣù Keje bọ́ sí ibi tí ó yẹ kí ó bọ́ sí gẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ méjì tí oòrùn bá wà lókè àtàrí, òjìji ọ̀pá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá. Ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ méjèèjì sábà máa ń bọ́ sí àsìkò ìsinmi, ìkùukùu òjò sì lè bo ti oṣù Kẹsàn-án. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti palẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé iṣẹ́ náà lọ sílé, kí wọ́n ṣe é ní àgbàlá bàbá wọn. Ìgò tí a gbé dúró sórí ilẹ̀ títẹ́jú tó ọ̀pá.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe, ẹ yọ gbólóhùn tó ní kí ọmọ fi ọ̀rọ̀ kan dí àlàfo kúrò nínú ìwé náà. Àlàfo tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ìwé olùkọ́ kí ọmọ tó jáde sí oòrùn kì í ṣe àlàfo sáyẹ́ǹsì. Ohun àkọ́kọ́ tí ìwé náà yóò bi í ni pé: ìhà wo ni o rò pé òjìji yóò kọjú sí, ìgbà wo ni o sì rò pé yóò kúrú jù? Kí ó kọ àbá rẹ̀ kí ó tó dìde, kí ó má sì pa á rẹ́ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tábìlì tí yóò kọ aago àti gígùn òjìji sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún títí di aago kan; aago orí fóònù ni kí ẹ lò, nítorí aago ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni kò ṣeé fọkàn tán. Ẹ so òkúta mọ́ okùn kí ẹ fi mọ̀ bóyá ọ̀pá dúró ṣánṣán, kí ẹ sì máa fi ìṣó kékeré kan ibi tí orí òjìji bá dé. Kí ọmọ kankan má ṣe gbójú sókè wo oòrùn. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. Bí ẹ bá fa ìlà láti ìdí ọ̀pá lọ sí ìṣó tí ó sún mọ́ ọn jù, ìlà náà yóò dojú kọ àríwá àti gúúsù, ẹ kò sì ní nílò kọ́ńpáàsì mọ́.

Bí ẹ bá mọ olùkọ́ kan ní Lọ́kọ́ja àti òmíràn ní Ẹ̀gbẹ́, ẹ ní kí àwọn náà ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Oòrùn máa ń dé àárín ọ̀run ní Lọ́kọ́ja ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú Ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọmọ yóò fi ojú ara wọn rí i pé ayé ń yí. Mo ní láti jẹ́wọ́ pé èmi náà ti máàkì irú iṣẹ́ yìí sí òdì nígbà tí mo ṣì ń kọ́ ọmọ, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ìwé iṣẹ́ tí mo ń lò fún JSS 1 ní kí a gbé àbẹ́là tó ń jó sínú àwo omi, kí a sì da gíláàsì dé e. Àbẹ́là yóò kú, omi yóò sì gòkè nínú gíláàsì. Ó wá ní kí àwọn ọmọ kọ ọ́ pé ìdá kan nínú márùn-ún gíláàsì ni omi gbà, nítorí pé ọ́síjìn inú rẹ̀ ti jóná tán. Ẹgbẹ́ kan rí ìdá kan nínú mẹ́wàá, òmíràn rí ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn tó fi àbẹ́là mẹ́ta ṣe é ni tiwọn ga jù. Kí ni kí n sọ fún wọn? (Olùkọ́ kan, ilẹ̀ Yàgbà)

Ẹ sọ fún àwọn tó lo àbẹ́là mẹ́ta pé wọ́n ti fi hàn pé àlàyé ìwé kò tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ́síjìn tó tán ló fa omi sókè, àbẹ́là mẹ́ta kò lè jẹ ju ìwọ̀n ọ́síjìn tó wà nínú gíláàsì lọ, ibi kan náà ni ó yẹ kí omi dé yálà àbẹ́là kan ni o tàbí mẹ́wàá.

Ooru ló ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí ẹ ń sọ gíláàsì kalẹ̀ lé àbẹ́là, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló wọ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa fẹ̀, apá kan rẹ̀ a sì bá abẹ́ etí gíláàsì jáde. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ lè rí ibi tí omi ti ń hó díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá etí gíláàsì. Nígbà tí iná bá kú, afẹ́fẹ́ tó kù yóò tutù, yóò súnkì, ooru omi tí iná mú jáde yóò sì di omi padà. Afẹ́fẹ́ ìta ló wá ń ti omi inú àwo wọlé láti dí àyè náà. Bí àbẹ́là bá ti pọ̀ tó ni ooru yóò ti pọ̀ tó. Ọ́síjìn tí iná lò kò sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo, torí pé kábọ́ńdáyọ́sáìdì rọ́pò púpọ̀ nínú rẹ̀. Àbẹ́là pàápàá máa ń kú nígbà tí ọ́síjìn púpọ̀ ṣì kù nínú gíláàsì.

Òótọ́ ni pé ọ́síjìn tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́: ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ni, náítírójìn sì jẹ́ ìdá 78. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè wá kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹlẹ́rìí gidi, ẹ wá kànìnkàn onírin, irú èyí tí a fi ń ha ìdí ìkòkò tí ó sì máa ń dípẹtà. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ òróró ara rẹ̀ kúrò, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán gbinrin, kí ẹ sì dojú ìgò náà dé sínú àwo omi. Ẹ fi òǹtẹ̀ sí ibi tí omi wà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìpẹtà yóò fa ọ́síjìn inú ìgò mọ́ra láìsí iná, láìsí ooru, omi yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

Ẹ má jù àbẹ́là nù nítorí èyí. Ìbéèrè tó yẹ kí ó wà nínú ìwé iṣẹ́ ni pé: ìgbà wo ni omi sáré gòkè, kí iná tó kú ni àbí lẹ́yìn tí ó kú? Ọmọ tó bá wo iṣẹ́ náà dáadáa yóò rí i pé lẹ́yìn tí iná kú ni omi tó sáré. Ìbéèrè kan yẹn sàn ju ogún àlàfo lọ. Ẹ gbé garawa iyanrìn sí tòsí, kí ẹ sì má lo ife oníke.

Bàbá, ọ̀gá àgbà wa ní a kò gbọ́dọ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì nítorí pé yóò ba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ jẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Olùkọ́ kan, Ìjùmú)

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan nínú èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ta yọ ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta.

Ẹ má bá ọ̀gá yín jà ṣá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò àṣekágbá, a kò lè fi ojú fo ìyẹn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé nígbà tí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n, tí wọ́n ń pò, tí wọ́n sì ń jiyàn, kí olúkúlùkù máa fi èdè ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe Òwé, ìbáà ṣe Yàgbà, ìbáà ṣe Bùnú. Nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀ ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún tàbí mẹ́fà tí iṣẹ́ ọjọ́ náà bí sójú pátákó, tí wọn yóò sì kọ wọ́n sí ìsàlẹ̀ ìwé iṣẹ́ wọn ní ẹ̀gbẹ́ Yorùbá rẹ̀. Ọmọ kì í gbàgbé orúkọ ohun tó ti fọwọ́ kàn.

Bàbá Olùkọ́, a kò ní yàrá àyẹ̀wò, a kò ní lítímọ́ọ̀sì, pépà tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí ásíìdì bá kàn án, owó fọ́tò kọ́pì ìwé iṣẹ́ sì ń jáde láti àpò mi. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ wọn ní ásíìdì àti ohun tó lòdì sí i? (Olùkọ́ JSS, Ìsánlú)

Ẹ lọ sí ọjà, ẹ ra sóbò. Ìsapá pupa gbígbẹ yẹn kan náà tí ẹ ń rẹ mu ni lítímọ́ọ̀sì yín. Lítímọ́ọ̀sì gan-an kò sàn jù ú lọ ní orísun, nítorí pé ara ohun kan bí èéhù tí ń lẹ̀ mọ́ àpáta àti èèpo igi ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ẹ da omi gbígbóná lé ẹ̀kúnwọ́ sóbò kan, láìsí ṣúgà, láìsí atalẹ̀, kí ẹ sì sẹ́ ẹ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ pín in sínú àwọn ife tó mọ́ gaara, díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ kán an sórí àwo funfun. Ẹ kó káún tí a ti lọ̀ sínú omi jọ, omi eérú tí a ti sẹ́, omi ọṣẹ dúdú, omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi ògì tó ti kan, àti omi lásán. Káún àti omi eérú yóò sọ sóbò di aláwọ̀ ewé. Bí wọn kò bá pọ̀, yóò kọ́kọ́ gba àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ elésè àlùkò kọjá. Àwọn ohun tó kan yóò jẹ́ kó wà ní pupa. Ibí yìí ni àwọn ìwé kan ti máa ń ṣi olùkọ́ lọ́nà: sóbò fúnra rẹ̀ ti kan tẹ́lẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá kán omi ọsàn sí i, ọmọ lè má rí ìyàtọ̀ púpọ̀, yóò sì kọ ọ́ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ló kọ. Ẹ kọ́kọ́ fi káún díẹ̀ yí i kúrò ní pupa, kí ẹ wá máa kán omi ọsàn sí i. Pupa rẹ̀ yóò padà wá, ẹ sì lè tún fi káún yí i. Àwọn ọmọ máa ń pariwo níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo.

Àwọn kan máa ń rẹ pépà sínú sóbò kí wọ́n sá a, kí wọ́n lè gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bíi lítímọ́ọ̀sì. Mi ò fọwọ́ sí i bí pépà fọ́tò kọ́pì bá ni, nítorí pé wọ́n sábà máa ń po ẹfun mọ́ irú pépà bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹfun náà yóò sì ti yí àwọ̀ sóbò padà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí àyè bá wà, ẹ bu káún tí a gún sínú ife jíjìn kan, kí ẹ da omi ọsàn lé e. Yóò hó. Kábọ́ńdáyọ́sáìdì ló ń jáde níbẹ̀, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ rọra ki ìṣáná tó ń jó bọ inú ife náà láì jẹ́ kí ó kan omi, yóò kú. Sódà olóró tí a fi ń ṣe ọṣẹ àti omi inú bátìrì ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dé inú kíláàsì yìí rárá, kí a má sì ṣe tọ́ ohunkóhun wò lẹ́nu.

Ní ti owó fọ́tò kọ́pì, kò sí òfin tó ní ìwé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ pépà tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ fa òpó mẹ́rin sójú pátákó: ohun tí mo dán wò, àbá mi, àwọ̀ tí mo rí, ìbéèrè tó kù lọ́kàn mi. Rúlà àti ìwé wọn ni wọn yóò fi da á kọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní Yúróòpù ti wó, agolo, ìgò àti okùn ni wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ láti fi ṣe irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ fún wọn ló wá di ìwé ńlá tí UNESCO gbé jáde fún gbogbo ayé ní 1956. Ẹ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kọ́ni láìsí yàrá àyẹ̀wò.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, òbí ni mí, mi ò mọ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ mi ní kíláàsì kẹrin mú ìwé iṣẹ́ wálé tí ó ní kí ó ya àwòrán ìgbà mẹ́rin tó wà nínú ọdún, kí ó sì kun yìnyín òtútù, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní snow, sára igi. Ó bi mí bóyá a ti rí i rí. Kí ni kí n fi dá a lóhùn? (Ìyá kan, Lọ́kọ́ja)

Ẹ dá a lóhùn pé a kò rí i rí, Màmá, kí ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà. Ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa, pẹ̀lú ọyẹ́ tí ń fẹ́ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Kò burú kí ọmọ mọ̀ pé ilẹ̀ mìíràn wà tí igi ti ń wọ́wé nítorí òtútù, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mọ ti ilé.

Ẹ wá agolo mílíìkì ńlá kan tí ara rẹ̀ gún régé láti ìdí dé ẹnu. Kí ó gbé e sí gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti ní da omi sí i, kí ó sì gbé e lé òkúta kí ẹrẹ̀ má bàa ta wọ inú rẹ̀. Ní aago méje òwúrọ̀ lójoojúmọ́, kí ó ki rúlà bọ̀ ọ́, kí ó kọ iye mìlímítà omi tó bá níbẹ̀, kí ó sì dà á nù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kò mọ sáyẹ́ǹsì, ẹ ti mọ ìwọ̀n dúrọ́ọ̀mù. Mìlímítà kan òjò tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà kan omi ni. Òrùlé páànù tó bo ilẹ̀ tó gùn ní mítà mẹ́wàá, tó fẹ̀ ní mítà márùn-ún, yóò gba lítà 1,000 nígbà tí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù márùn-ún tó ń gba lítà 200. Kí ó wọn òrùlé yín, kí ó ṣe ìṣirò náà, kí ẹ sì gbé dúrọ́ọ̀mù sí ẹnu ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí omi tó wọ dúrọ́ọ̀mù kò bá tó iye tí ó ṣírò, ẹ bi í pé níbo ni ìyókù gbà lọ.